Orin Ìdágbére Tó Ku Báàsì Nìkan

Ẹ sún mọ́ ìhín, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kúrò lójú oòrùn. Bùkọ́lá, gbé fóònù rẹ sórí àpótí yẹn kó má baà jábọ́ sínú gọ́tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kọ orin ìdágbére ẹgbẹ́ akọrin àtijọ́ fún yín, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ lè fi sin mí lọ́jọ́ tí mo bá lọ. Ẹ ṣeun gan-an. Nínú gbogbo ohun tó kù tí mo ń fẹ́ láyé yìí, òun nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún yín, torí ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí ẹ ń retí.

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé akọrin, ẹni tó bá ń ti Ìwáyà níbí lọ sí Yábàá, orin wa ló máa sìn ín dé títì. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà á máa mi orí sí i nídìí ààrò. Dùrù wa, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó lè mí, tó bá sì ń mí, ẹ máa rò pé àgbàlagbà ló ń gun àtẹ̀gùn. Eku ti jẹ awọ inú rẹ̀ tán báyìí. Orí rẹ̀ lẹ ń kó wáyà yín lé, mo sì ń rí i láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Mi ò bá yín jà. Orin tí ẹ ń kọ dùn, ó ń mú èèyàn jó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yọ gàdàgbà lára ògiri bí ìpolówó ọjà. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi yín ní ọjọ́ Ajé pé èwo lẹ kọ lánàá, ẹ ó máa wo ojú ara yín. Ó ń dùn mí, mi ò lè fi pamọ́.

Ẹni tó ń ṣe orin fún wa nígbà náà, Tíṣà là ń pè é. Kì í ṣe tíṣà ilé ìwé o, orin ló fi jẹ tíṣà. Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe ní Ìjọra, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Tó bá ṣíwọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló ń gbà rìn bọ̀ wálé, ẹsẹ Bíbélì kan ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìhín. Á kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn. Á tún un sọ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Á tún un sọ bí ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé nígbà tí òjò ń ṣú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á yà fún un lọ́nà, torí wọ́n á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe fẹ́ kí wọ́n sọ òun, pé tí òun bá ti sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, orin ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kò kù ju kí òun fa ohùn rẹ̀ gùn lọ. Àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ láti òkèèrè kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ohùn wọn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí a ti ń fi wọ́n da Ọlọ́run rú.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ tó ń kà lọ́wọ́ gbé e lọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọjá ilé rẹ̀. Ilé kẹta sí tiẹ̀ ló yà sí. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Ìyàwó ilé yẹn kò bá a jiyàn, ó bu ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá fún un. Ìgbà tó fọwọ́ tán tó gbójú sókè ló rí i pé àwòrán tó wà lára ògiri kì í ṣe ti bàbá òun. Títí ó fi kú la fi ń bi í pé ilé ta ló ti jẹun lánàá.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹ̀rín pọ̀.

Ìkórè ni ọjọ́ wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Yábàá, Súrùlérè, títí dé Mushin ló ń wá orin tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí fún Ìkórè. Tó bá ku oṣù díẹ̀, àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lábẹ́ fèrèsé wa bí ẹni ń ra àkàrà. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà kì í fi kọ orin sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni. Pátákó dúdú ló ń kọ dò-rè-mí rẹ̀ sí, tó bá sì ti rí i pé ó ti wọ̀ wá lórí, á fi àkísà tútù nù ún mọ́. Kì í sì kọ́ wa pọ̀ lójú kan. Ó ń kó tírẹ́bù, ìyẹn àwọn obìnrin tí ohùn wọn ròkè jù, sínú fẹ́sìrì, yàrá tí alùfáà ti ń wọṣọ, á tilẹ̀kùn. Abẹ́ igi furúùtù ló ń kó áátò sí, àwọn obìnrin tí ohùn tiwọn rẹlẹ̀; àwọn tẹ́nọ̀, ọkùnrin tí ohùn wọn ròkè, wà ní ẹ̀yìnkùlé; àwa báàsì, ọkùnrin tí ohùn wa rẹlẹ̀ jù, sì wà nídìí kànga. Oníkálukú mọ tiẹ̀. Ìgbà tí Ìkórè bá ku ọ̀la gan-an ló máa ń kó wa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, orin náà á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ara mi máa ń ṣe gìrìrì. Mo ti ṣègbéyàwó, mo ti bímọ, mi ò rí ohun tó dà bí ìṣẹ́jú yẹn.

Òfin rẹ̀ le. Ẹ kò gbọdọ̀ tẹ́tí sí ohùn ẹlòmíràn. Ó ní báàsì tó bá gbọ́ tírẹ́bù, tírẹ́bù ló máa gbé e lọ. Nítorí náà, tí a bá ń kọrin, àtẹ́lẹwọ́ wa kan máa ń wà létí, a ó kọjú sílẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣìnà. Èmi kì í ṣìnà. Bọ̀ọ̀dá Báàsì ni wọ́n ń pè mí, torí ohun tí Tíṣà bá fún mi, mo ti gbé e mì nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà tó wá jí orin wa gbọ́, láti ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́hùn-ún. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn kànga, kò mọ̀ pé báàsì nìkan ló ń bẹ níbẹ̀. Ó há tiwa sórí, ó ń sáré lọ. Wọ́n kọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lọ́mọdé, lágbà. Ọjọ́ Ìkórè wọn, wọ́n gbé e sókè: hùn, hùn, hùn, bí ẹni ń ti lọ́rì tó rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Alùfáà wọn rò pé ìrora ló mú wọn. Nígbà tí a gbọ́, Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún un. Báàsì kì í ṣe orin." Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé n ó jókòó síbí lónìí.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé, áátò ni. Àwọn tó mọ̀ wá máa ń sọ pé ilé tí báàsì àti áátò ń gbé, á kún fún orin. Irọ́ ni. Tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọṣọ. Èmi á wà ní pálọ̀, n ó tilẹ̀kùn. Nígbà míràn, tó bá ń dín dòdò, á gbàgbé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, èmi á sì ti ìka bọ etí, n ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń dà mí rú." Á ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Á dákẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí n ó fi gbogbo ohun tí mo ní rà kó ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré báyìí, èmi ni mò ń ní kó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ orin tí ẹ ń béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn tẹ́nọ̀ wa ló kú, ọmọkùnrin apẹja kan, ọ̀sà ló gbé e. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú ẹgbẹ́. Tíṣà mú ẹsẹ Sáàmù tó sọ nípa àwọn aṣọ́nà tó ń retí kí ilẹ̀ mọ́, ó ń bá a rìn lójú irin lálọ lábọ̀. Nígbà tó fi máa dọjọ́ ìsìnkú, ó ti ṣe orin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé, ẹ ti rí i nínú ìwé ètò ìsìnkú àwọn òbí yín àgbà tó jẹ́ akọrin:

Ilẹ̀ ò tíì mọ́, Baba, mo ń ṣọ́nà;
Àtùpà mi ti ń jó lọ sílẹ̀;
Bó ti wù kó pẹ́ tó, èmi ò ní lọ,
Mo dúró dè Ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Àwa báàsì ò ní gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ìlà kìíní àti ìkejì, "mo dúró, mo dúró" là ń tẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá di ìlà kẹta, gbogbo ọkùnrin á pa ẹnu mọ́, áátò náà á pa ẹnu mọ́, Sísì Rẹ̀mí tó jẹ́ olórí tírẹ́bù á sì dá a kọ lóun nìkan. Àwa á máa fi ìka ka àkókò lára itan, torí ibi tí a ti máa padà wọlé ṣòro, ọ̀pá Tíṣà sì ń wò wá. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ayé ń sunkún sí ohùn Sísì, kíkà ni mò ń kà.

Tíṣà wá sọ pé ibi ìsìnkú akọrin nìkan ni kí a ti máa kọ ọ́, ẹnu sàréè, kì í ṣe ibòmíràn. Kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọdọ̀ wọ ilé. Àwọn ìyá sì tún fi tiwọn kún un. Tí ọmọdé bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsìnkú tó bá ń kọ ọ́ bọ̀ wálé, wọ́n á gbá a lẹ́nu, wọ́n á ní orin òkú ni, ṣé ó fẹ́ pe ikú wálé ni. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí odindi àdúgbò fi gbọ́ orin kan láìmọye ìgbà, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.

A kọ ọ́ fún àwọn tó lọ. Bí a ṣe ń sin ọ̀kan, ohùn kan ń yọ nínú orin tí a ó fi sin ẹni tó kàn. A ò kọ́kọ́ fura. A kọ ọ́ fún Tíṣà fúnra rẹ̀, Sísì Rẹ̀mí ló darí wa lọ́jọ́ náà, ó sì dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ẹni tuntun mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń fẹ́ gìtá. Àwọn kan kó lọ sí Ìkòròdú, àwọn kan bá ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Nígbà tí Ìyá Ṣadé kú, òun ló kẹ́yìn nínú áátò. A dúró lẹ́nu sàréè rẹ̀, tẹ́nọ̀ kan, tírẹ́bù mélòó kan, èmi. Mo ń kọ báàsì, mo sì ń gbọ́ àlàfo níbi tó yẹ kí ohùn rẹ̀ wà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ ọwọ́ létí láti ìgbà tí mo ti ń kọrin. Ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun, mi ò lè mú nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ìlà kẹta yẹn ń gòkè. Ibi tó ń gòkè dé, mi ò mọ̀.

Bùkọ́lá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn. Àyálégbé mi ni, ẹ mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yábàá. Ìgbà tí mo sọ fún un pé gbogbo ẹgbẹ́ ti kú tán, títí dórí àwọn tó kó lọ, pé ó ku èmi àti Sísì Rẹ̀mí nìkan, ó fò dìde. Ó ní, "Gránpà, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn now, ká ríkọ́ọ̀dù yín papọ̀!" Inú mi dùn débi pé mo wọ agbádá. Mushin ni Sísì wà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ Alhájì kan tó ń ránṣọ. Alhájì ṣe wá lálejò. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, kí gbogbo ilé dákẹ́.

Sísì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ wá bá?"

Ọmọ rẹ̀ ní, "Mọ́mì, Bọ̀ọ̀dá Báàsì rèé o, ti ṣọ́ọ̀ṣì Ìwáyà."

Ó ṣì ń wò mí bí àlejò. Mo bá gbé báàsì mi, mo rọra kọ ọ́. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tó di ìlà kẹta, mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, obìnrin yìí jókòó dáadáa. Ó na ọrùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, ó fa èémí sínú. Mo mọ èémí yẹn. Bùkọ́lá na fóònù sún mọ́ ọn. Orin yẹn ti dé ètè rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra.

Ó wá wò mí tìfura-tìfura, ó ní, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Sísì. Ẹ kàn kọ ọ́ fún wa ni."

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ wá ń kọ ọ́? Nínú ilé olónílé? Tíṣà máa nà yín."

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Alhájì pàápàá bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ fi ṣe wá lóore." Ó yí ojú sí ògiri. Inú bí mi nígbà tí à ń padà bọ̀, mi ò fẹ́ kí Bùkọ́lá bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé Yábàá ni mo rò ó pé òfin tí èmi náà pa mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ló ń pa mọ́. Kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí Tíṣà ní ká ṣe ló ṣe, ó ṣe é dójú ikú.

Torí kò pẹ́ tó fi kú. Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́nu sàréè rẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Mo kọ orin náà fún un, bó ṣe yẹ. Mo dúró, mo dúró. Alùfáà tó ń sin ín, ọmọdé ni, ó rọra wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ́kàn le." Ó rò pé mò ń kérora ni.

Bùkọ́lá ò fẹ́ kí ó parí bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàsì mi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì fi tírẹ́bù, áátò àti tẹ́nọ̀ lé e. Ó gbé e wá fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn rẹ̀ dáa. Ó mọ́, kò ṣìnà níbì kankan, báàsì mi sì bá a mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ó ní, "Gránpà, ẹ ṣáà sọ ibi tí kò dáa, wọ́n á fíìsì ẹ̀." Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde, mo sunkún bí ọmọdé.

Ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn. Ṣadé ọmọ mi ní kí n wá máa bá òun gbé ní Súrùlérè, pé ilé yìí ti ń jò. Mo ní kó jẹ́ kí n wà níbí ná. Ẹ ó fi orin kan sin mí, mo mọ̀, á sì jẹ́ orin tó dáa. Kò ní jẹ́ orin wa. Tíṣà wà lọ́hùn-ún, Ìyá Ṣadé wà lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ni a fi orin kan náà sìn débẹ̀, èmi nìkan ni n ó dé láìní i.

Ó dáa. Ẹ ti jókòó pẹ́, ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Bùkọ́lá, tẹ fóònù yẹn. Ṣé ó ti ń gbà á? Ẹ ní kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn dákẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ lé etí, ó ti mọ́ mi lára.

Mo dúró, mo dúró,
Mo dúró, mo dúró…

Kí ló dé tí ẹ ń wo ojú ara yín? Bùkọ́lá, má pa á. Mi ò gbàgbé, ìlà kẹta la dé. Ìka mi rèé, mò ń ka àkókò. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí Sísì Rẹ̀mí kọ tiẹ̀ tán.